Ọ̀fẹ́ Nìkan Kò Tó: Yíyan Ètò Kọ̀ǹpútà tí Ń Tẹ Gbólóhùn fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá ní Mówè, Ìbàfò àti Ifọ̀

Ìfáàrà

Kí ìwé kíkọ tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba ńlá ti mọ bí ohun kékeré ṣe lè ru ọ̀rọ̀ ńlá. Nínú àrokò, owó ẹyọ mélòó kan tí wọ́n so pọ̀, tàbí ìyẹ́ ẹyẹ, lè jẹ́ odidi iṣẹ́ tí ọba kan rán sí ọba ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó gba àrokò náà kò ní kà á sí owó lásán. Ó mọ ohun tí ó dúró fún, ó sì lè tú u sí gbólóhùn. Bí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á kò bá fi ẹnu kò lórí ìtumọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ náà bàjẹ́ nìyẹn.

Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú irú ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó ń mú iṣẹ́ rọrùn fún àwọn tí ń tẹ̀wé lójoojúmọ́. Ẹni tí ó ń lò ó yóò kọ́kọ́ kó àwọn gbólóhùn tí ó máa ń tẹ̀ léraléra jọ, yóò sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìkékúrú lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Láti ìgbà náà lọ, bí ó bá ti tẹ ìkékúrú, kọ̀ǹpútà yóò pa á rẹ́, yóò sì gbé odidi gbólóhùn sí ipò rẹ̀. Ètò atẹ̀gbólóhùn ni orúkọ tí irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò máa jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní owó lórí, èyí sì dùn mọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ nínú. Ṣùgbọ́n èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé olùkọ́ èdè Yorùbá kò gbọ́dọ̀ tìtorí pé ètò kan jẹ́ ọ̀fẹ́ nìkan yàn án, àti pé àkójọ gbólóhùn tí ó bá kó sínú rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ètò náà fúnra rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Mówè, Ìbàfò àti Ifọ̀

Mówè àti Ìbàfò wà lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ifọ̀ ní tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, òun sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń gba àwọn èrò tí Èkó kò gbà mọ́. Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i níbẹ̀ ni ilé ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, ń pọ̀ sí i. Ibi tí ilé ìwé bá sì pọ̀ sí, ìwé títẹ̀ kò lè wọ́n níbẹ̀: ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀, ìbéèrè ìdánwò, káàdì èsì, lẹ́tà sí òbí.

Nínú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí gbogbo ayé mọ̀ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì, ẹ̀rọ fótòkópì, àti jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa kùn ní ìta nígbà tí iná bá lọ, ni irinṣẹ́ wọn. Iye ojú ìwé ni wọ́n fi ń gba owó. Nígbà tí ìparí sáà bá dé, tí olùkọ́ méje bá tò sẹ́yìn ara wọn pẹ̀lú ìbéèrè tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, atẹ̀wé tí ó bá ń wá àmì ohùn kọ̀ọ̀kan nínú àpótí àmì yóò pàdánù oníbàárà. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ti olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò jáde ní pípé, ti olùkọ́ èdè Yorùbá yóò sì jáde láìní àmì kankan lórí. Ìwà ọ̀lẹ kọ́ ni ó fa èyí. Kíbọ́ọ̀dù tí ó wà níwájú atẹ̀wé ni wọn kò ṣe fún èdè Yorùbá.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ìwọ̀n iṣẹ́ náà hàn. Ẹ wo àkòrí tí kò lè ṣàì sí nínú ètò ẹ̀kọ́ èyíkéyìí: Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní. Lẹ́tà 13 ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá ka àmì orí àti àmì ìdí lẹ́tà pọ̀, àmì 7 ni àwọn lẹ́tà náà gbé. Olùkọ́ tí ó ń kọ ètò ẹ̀kọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ yóò tẹ àkòrí yìí lẹ́ẹ̀márùn-ún, yóò tún tẹ ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹta, ohun èlò ìkọ́ni, ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá, ìgbéléwọ̀n àti iṣẹ́ àmúrelé. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kì í yí padà láti ọdún dé ọdún. Irú wọn gan-an ni ètò atẹ̀gbólóhùn wà fún. Bí olùkọ́ bá fi sùúrù tẹ̀ wọ́n ní pípé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tún ní wá àmì wọn kiri mọ́.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àmì ohùn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ kí ó ka gbólóhùn yìí bí ó ṣe máa ń jáde láti ṣọ́ọ̀bù: Oko mi gbe oko sinu oko. Ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn ni pé ọkọ òun gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó jókòó sínú yàrá ìdánwò kò ní òǹkọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò bi léèrè. Ó lè ka oko tí wọ́n ń ro sí ibi tí ó yẹ kí ó ka ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀. Nínú ìbéèrè tí ó bá dá lórí ohùn tàbí lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, àmì tí atẹ̀wé yọ ni ìbéèrè náà gan-an. Ọmọ yóò pàdánù máàkì nítorí ohun tí kì í ṣe àìmọ̀ tirẹ̀.

Ewu kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni ní Ìbàfò tàbí Ifọ̀, tí ó sì rí i pé gbogbo ìwé Yorùbá tí ó kàn án lọ́wọ́ ni kò ní àmì, yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ohun tí ó bá rí ni yóò fi kọ́ ọmọ. Nípa bẹ́ẹ̀, àkọtọ́ tí àwọn àgbà onímọ̀ ṣe làálàá lé lórí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, títí dé àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974, yóò máa wà nínú ìwé gírámà nìkan, kò ní sí nínú ìwé tí ará ìlú ń kà.

Ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí òmìnira

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun tí wọn kò gba owó lé lórí àti fún ohun tí ó wà ní òmìnira. Èdè Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀: ọ̀fẹ́ ni ọ̀kan, òmìnira ni èkejì. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ fi yan ètò.

Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà, ni ó kéde iṣẹ́ GNU ní 1983, tí ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1985 fún ètò kọ̀ǹpútà tí ó ní òmìnira. Ohun tí ó ń jà fún ni pé kí ẹni tí ó ń lo ètò ní ẹ̀tọ́ láti lò ó fún iṣẹ́ tí ó bá wù ú, láti wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, láti tún un ṣe, àti láti fún ẹlòmíràn. Ètò tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ nìkan kò ṣèlérí ìkankan nínú wọ̀nyí. Ẹni tí ó ni ín lè sọ pé fún ìlò ti ara ẹni ni, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè owó nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ilé ìwé tàbí ṣọ́ọ̀bù. Ó lè fi ààlà sí iye gbólóhùn tí ènìyàn lè fi pamọ́. Ó sì lè yí ọkàn padà lọ́la.

Àpẹẹrẹ irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ wáyé ní 2016. Ilé iṣẹ́ tí ó ni TextExpander, ètò atẹ̀gbólóhùn tí òkìkí rẹ̀ kàn, pa ọ̀nà tí àwọn ènìyàn fi ń rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tì, ó ní kí wọ́n máa san owó rẹ̀ bí ẹni ń san owó ilé. Ariwo àwọn oníbàárà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà fi dín owó kù, tí ó sì dá títa ẹ̀dà àtijọ́ padà. Ètò yẹn kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá lè yí àdéhùn padà fún ẹni tí ó san owó, kí ni ẹni tí kò san nǹkan kan yóò fi gbẹ̀jọ́? Olùkọ́ tí ó ti fi ọdún mẹ́ta kó gbólóhùn jọ kò gbọ́dọ̀ jí ní ọjọ́ kan kí ó bá àkójọ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ìdánwò mẹ́rin fún ètò atẹ̀gbólóhùn

Ìdánwò kìn-ín-ní ni ti àmì. Kí olùkọ́ fi gbólóhùn kan tí ó kún fún àmì sínú ètò náà, kí ó tẹ ìkékúrú rẹ̀ nínú ètò ìkọ̀wé, nínú lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì àti nínú ibòmíràn tí ó máa ń kọ̀wé sí. Bí àmì kan bá sọnù tàbí bí ó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, ètò náà kò yẹ. Ìdí tí ìdánwò yìí fi ṣe kókó ni pé nínú ìlànà Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà òde òní ń tẹ̀ lé, ẹ àti ọ ní ipò tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní ipò kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kí ó tó gbé àmì ohùn lé e lórí. Ètò tí wọn kò fi ọgbọ́n kọ lè já èkejì sílẹ̀.

Ìdánwò kejì ni ti àṣírí. Kí ètò yìí tó lè mọ ìgbà tí ènìyàn tẹ ìkékúrú, dandan ni kí ó máa ṣọ́ gbogbo bọ́tìnnì tí onítọ̀hún ń tẹ̀, títí kan páásìwọ́ọ̀dù àti nọ́ńbà àpò ìfowópamọ́. Irú ètò tí àwọn ọ̀daràn fi ń jí àṣírí kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ètò tí àwọn onímọ̀ lè wo inú rẹ̀, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà olùkọ́ láìfi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ibòmíràn, ni ó yẹ ní fífọkàntán. Ètò tí kò bá lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì yóò jẹ dátà, yóò sì máa gbé ọ̀rọ̀ olùkọ́ lọ síbi tí kò mọ̀. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tí ó dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àti èsì akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ kó sínú irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò kẹta ni ti àkójọ. Ǹjẹ́ olùkọ́ lè dà gbogbo gbólóhùn rẹ̀ kọ sí fíláàṣì, kí ó sì gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn? Ètò tí ó bá ń fi àkójọ pamọ́ sí fáìlì lásán tí ènìyàn lè ṣí, tí ó lè kà, tí ó sì lè tẹ̀ sórí bébà, ni ó dára jù. Kọ̀ǹpútà lè jóná nígbà tí iná bá pọ̀ jù, olè sì lè gbé e, ṣùgbọ́n fáìlì tí ó wà níbi mẹ́ta kò lè parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdánwò kẹrin ni ti ìkékúrú. Kò yẹ kí ìkékúrú jẹ́ ọ̀rọ̀ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí ènìyàn bá fi oko ṣe ìkékúrú nínú ètò tí kì í dúró de àlàfo kí ó tó ṣiṣẹ́, gbólóhùn yóò bẹ́ jáde láàárín okoòwò. Ètò tí ó bá gba olùkọ́ láyè láti fi àmì ìdánudúró tàbí lẹ́tà x bẹ̀rẹ̀ ìkékúrú yóò yẹra fún wàhálà yìí.

Àwọn ètò tí ó wà lọ́wọ́

Ẹni tí kò tíì lo irú nǹkan báyìí rí kò nílò láti wá ètò tuntun. LibreOffice, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010 láti ara OpenOffice.org, ní òmìnira àti ọ̀fẹ́ pọ̀. Nínú Writer rẹ̀, ènìyàn lè fi gbólóhùn pamọ́ pẹ̀lú ìkékúrú, kí ó tẹ ìkékúrú náà, kí ó sì tẹ bọ́tìnnì F3, gbólóhùn yóò sì jáde. Àléébù rẹ̀ ni pé inú LibreOffice nìkan ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í ṣọ́ ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ níbòmíràn, nítorí náà ó borí nínú ìdánwò àṣírí. Àwọn tí ń lo Microsoft Word ní ohun tí ó jọ ọ́ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Word fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Fún ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tí ó ń lo Windows, AutoHotkey wà. Chris Mallett ni ó gbé e jáde ní 2003, ẹ̀dà kejì rẹ̀ sì jáde ní 2022. Ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì lásán ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ::ig1::Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní sínú fáìlì náà, tí ó sì tan ètò, kò ní ṣe ju kí ó tẹ ig1 àti àlàfo lọ. Ó gbọ́dọ̀ fi fáìlì náà pamọ́ ní ìlànà UTF-8, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn àmì lè dàrú.

Espanso, tí ó jáde ní 2019, ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Òun náà ní òmìnira, fáìlì lásán ni ó sì ń lò. Èyí mú kí ó yẹ fún ẹ̀ka tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń lo onírúurú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó le nínú rẹ̀ ni pé kò ní fèrèsé aláràbarà tí ènìyàn yóò máa tẹ nǹkan nínú rẹ̀. Fáìlì ni ènìyàn yóò ṣí, àlàfo tí ó bá ṣì sí níbẹrẹ ìlà kan sì lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Bí ẹ̀ka bá ní ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n, ìyẹn ti tó.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni kò ní kọ̀ǹpútà rárá. Fóònù ni wọ́n fi ń kọ ètò ẹ̀kọ́, wọn a sì gbé e lọ fún atẹ̀wé. Àwọn náà kò ní fọwọ́ lẹ́rán. Nínú Gboard, kíbọ́ọ̀dù tí Google ṣe fún fóònù, ààyè wà fún èdè Yorùbá, ààyè sì wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ ti ara ẹni fún gbólóhùn àti ìkékúrú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní pípé lórí fóònù, tí ó sì fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù fún títẹ̀ sórí bébà, ti gba àmì ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìkánjú atẹ̀wé.

Ibì kan ṣoṣo ni kò yẹ kí olùkọ́ gbé ètò tí ń ṣọ́ bọ́tìnnì sí: orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn ń lò. Nínú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹnì kan yóò dìde, ẹlòmíràn yóò jókòó, tí yóò sì tẹ páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀. Níbẹ̀, ohun tí ó wà nínú LibreOffice tàbí Word ti tó.

Àwọn àtakò tí ó yẹ ní gbígbọ́

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ni ojúlówó oògùn, kì í ṣe àkójọ gbólóhùn. Òótọ́ wà nínú èyí. Keyman tí àjọ SIL ń pèsè lọ́fẹ̀ẹ́ ní kíbọ́ọ̀dù fún Yorùbá, iléeṣẹ́ tí Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún ìmọ̀ ẹ̀rọ èdè ilẹ̀ Áfíríkà sì ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá àti lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Kíbọ́ọ̀dù ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn tẹ ohun tí kò tẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù kì í rántí gbólóhùn, kò sì lè sọ fún atẹ̀wé bóyá òkè ni ohùn lọ tàbí ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́: kíbọ́ọ̀dù ni olùkọ́ yóò fi kọ àkójọ, àkójọ ni yóò sì bá a rántí.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ. Àwọn kan ní ètò tí ń sọ gbólóhùn fún olùkọ́ yóò sọ olùkọ́ di ẹni tí kì í ronú mọ́. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù asán. Káàdì èsì ni ẹ̀rí rẹ̀. Bí ìkékúrú kan bá wà fún “Ó gbìyànjú, ó lè ṣe jù báyìí lọ,” kò pẹ́ tí gbogbo ọmọ inú kíláàsì yóò fi di ẹni tí ó gbìyànjú, èyí tí ó mọ̀wé àti èyí tí kò lè kàwé rárá. Òbí tí ó ná owó lé ọmọ rẹ̀ lórí yóò ka gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò rò kí ó tó kọ ọ́. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ayé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ìlànà ìkọ̀wé kíákíá tí Isaac Pitman tẹ̀ jáde ní 1837 náà ń fi àmì kúkúrú dípò ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń kà á padà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í kà. Ohun tí wọ́n bá kó fún un ni yóò dà sílẹ̀.

Ìdáhùn sí àtakò yìí ni pé kí olùkọ́ ya férémù sọ́tọ̀ sí àwòrán inú rẹ̀. Àkòrí ètò ẹ̀kọ́, ìlànà ìdánwò, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí òbí, ọ̀rọ̀ ìperí gírámà bí àpólà orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe aṣèrànwọ́: férémù ni gbogbo wọn, kí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ wọ́n. Ìdájọ́ lórí ọmọ, èròǹgbà ẹ̀kọ́ ti ọjọ́ náà, àlàyé olùkọ́ àti àpẹẹrẹ tí yóò lò: àwòrán ni ìwọ̀nyí, kí olùkọ́ máa fi orí àti ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọ́n. Àkókò tí ó bá fi férémù jèrè ni kí ó ná sórí àwòrán.

Àkójọ kan fún gbogbo ẹ̀ka

Gbogbo èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ àkójọ tayọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ètò atẹ̀gbólóhùn kò mọ àkọtọ́. Bí olùkọ́ bá tẹ nítorípé tàbí gẹ́gẹ́bí sínú àkójọ rẹ̀ dípò nítorí pé àti gẹ́gẹ́ bí, àṣìṣe náà kò ní jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan mọ́. Yóò di ẹgbẹ̀rún kí ọdún tó parí, yóò sì máa jáde pẹ̀lú ìgboyà ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀. Irinṣẹ́ tí ó ń tan òótọ́ kálẹ̀ kíákíá ni ó tún ń tan àṣìṣe kálẹ̀ kíákíá.

Ìṣòro kan tún wà tí ojú kò rí. Àwọn kan máa ń fa ìlà sábẹ́ e dípò àmì ìdí lẹ́tà. Bí wọ́n bá da iṣẹ́ náà kọ sí ibòmíràn, ìlà náà lè sọnù, ọ̀rọ̀ yóò sì yí padà. Àwọn mìíràn máa ń kọ́kọ́ gbé àmì ohùn sórí e kí wọ́n tó fi àmì sí ìdí rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Lójú ènìyàn, bákan náà ni ó rí. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n lè jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí ó bá sì ń wá ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé lè má rí i. Bí gbogbo ènìyàn nínú ẹ̀ka bá ń lo àkójọ kan náà, àmì kan náà ni yóò máa jáde lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Àkọtọ́ Yorùbá kò fìgbà kankan jẹ́ iṣẹ́ adánìkanṣe. Ìpàdé ni àwọn onímọ̀ ṣe ní Èkó ní 1875 kí wọ́n tó fi ẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀, ìgbìmọ̀ ni ó sì ṣiṣẹ́ tí ó yọrí sí àkọtọ́ 1974. Kò bójú mu kí iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ ṣe di ohun tí olúkúlùkù ń tú ká lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ẹ̀ka èdè Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí yóò kó gbólóhùn ọgọ́rùn-ún jọ lára àwọn tí olùkọ́ ilé ìwé máa ń lò jù. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́tà dé lẹ́tà, àmì dé àmì. Kí wọ́n gbé e sínú fáìlì tí LibreOffice, AutoHotkey àti espanso lè lò. Kí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fún un ní ìwé ìlànà.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè dé Mówè kí ó fi ẹ̀dà kan fún atẹ̀wé tí ilé ìwé rẹ̀ ń bá dá òwò pọ̀. Atẹ̀wé kò ní kọ̀ ọ́, nítorí ohun tí ó ń dín iṣẹ́ rẹ̀ kù ni. Àmì ohùn tí ó jẹ́ ẹrù lánàá yóò di èrè, nítorí pé ìkékúrú lẹ́tà mẹ́ta yára ju gbólóhùn tí kò ní àmì pàápàá lọ. Ibí yìí ni agbára ètò náà wà. Ìwàásù kò tíì mú kí atẹ̀wé máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí títẹ̀ ní pípé bá yá ju títẹ̀ ní àbùkù lọ, kò ní sí ẹni tí yóò nílò ìwàásù.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ètò atẹ̀gbólóhùn lè ran olùkọ́ èdè Yorùbá lọ́wọ́, àti pé ọ̀fẹ́ nìkan kò tó láti fi yàn án. Ètò tí ó yẹ ni èyí tí ó gbé àmì ohùn ní pípé, tí kì í gbé ọ̀rọ̀ ènìyàn kúrò nílé, tí ó fi àkójọ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, tí ìkékúrú rẹ̀ kì í sì í bẹ́ jáde láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn. LibreOffice tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àti fún kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. AutoHotkey tàbí espanso yẹ fún ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Fóònù wà fún ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n ètò lè yí padà, òmíràn lè dé lọ́la. Àkójọ tí àwọn olùkọ́ bá yẹ̀ wò pọ̀ ni kò ní di àpatì. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ẹ̀ka kan bá lè fi ẹnu kò lórí gbólóhùn ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n sì gbé e lé ọwọ́ àwọn tí ń lọ kọ́ ọmọ ní Ìbàfò, ní Mówè àti ní Ifọ̀, ìbéèrè ìdánwò sáà tí ń bọ̀ lè dé iwájú ọmọ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ẹ̀ka tí ó bá kọ́kọ́ ṣe é ni àwọn yòókù yóò wò ṣe àpẹẹrẹ.